Ohun tí màmá mi rí nínú àwòrán àwọn ọmọ Boit

Nígbà tí màmá mi wá kí wa ní Amẹ́ríkà, mo mú wọn lọ sí Museum of Fine Arts ní Boston, torí àwòrán kan tí mo fẹ́ràn gan-an: àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí Edward Darley Boit bí, tí John Singer Sargent fi ọ̀dà yà ní Paris lọ́dún 1882. Julia, àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún 4, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọmọláńgidi wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e dúró lápá òsì, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn méjì tó dàgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí òkùnkùn ti bẹ̀rẹ̀. Florence, ọmọ ọdún 14, fẹ̀yìn ti ìkòkò gìrìwò kan, kò kọjú sí wa.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà ni: bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni òkùnkùn ń gbà á. Àlàyé tí mo ti múra láti ṣe nìyẹn.

Màmá mi ò dúró gbọ́. Wọ́n tọ́ka sí aṣọ funfun tí àwọn ọmọ náà so lé aṣọ wọn. “Ta ló ń fọ eléyìí?”

Mo ní mi ò mọ̀.

“Ẹnìkan fọ̀ ọ́, ó sì lọ̀ ọ́. Wọ́n ń tọ́jú wọn.” Wọ́n wá yíjú sí Florence. “Èyí ò sunkún. Àlejò ló dé, wọ́n ní kí wọ́n wá kí i, òun ò sì fẹ́ kí wọ́n wo ojú òun. Bí ìwọ náà ṣe máa ń dúró nìyẹn, lẹ́yìn kọ́tìnì pálọ̀ ní Mọ́kọ́lá.”

Ọ̀rọ̀ pa mí lẹ́nu mọ́. Àwa tí à ń wò ó ni àlejò yẹn! Láti ọjọ́ náà, mi ò rí ìbànújẹ́ níbẹ̀ mọ́.

Ìkòkò méjèèjì tí Sargent yà sínú àwòrán náà, tí wọ́n kó wá láti Japan, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, wọ́n ga ju màmá mi lọ. Mo sọ fún wọn pé nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wo inú ìkòkò wọ̀nyí, wọ́n bá bọ́ọ̀lù tẹníìsì, ọkọ̀ òfurufú oníbébà, rìbọ́ọ̀nù àti ìyẹ́ ẹyẹ. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí a kó kúrò ní Mọ́kọ́lá, inú àga pálọ̀ ni àwọn ti fa ṣíbí mẹ́ta yọ, àti ọmọláńgidi àbúrò mi, èyí tí gbogbo ilé fi ọjọ́ mẹ́ta wá.