Ọmọ mi wà n'Íbàdàn, èmi wà ní Houston: kò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù

Bàbá Àyọ̀: Ẹ kú ilé o. Ó ti pé ọdún 3 tí èmi àti ìyá ọmọ mi ti pín gaàrí. Òun àti Àyọ̀, ọmọ ọdún 7, ń gbé l'Ókè-Àdó. A ò bá ara wa jà, gbogbo Sunday ló ń gbé fóònù fún un ní agogo 9 àárọ̀ tèmi. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń rí nìyí: "Ṣé o ti jẹun?" "Mo ti jẹun." "Ilé ìwé ńkọ́?" "Dáadáa ni." Ó tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dojú fóònù kọ òkè àjà, ó bá eré lọ. Fáànù tó ń yí ni mo wò fún ìṣẹ́jú 4. Ẹkún ni mo sun. Mò ń fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù, àmọ́ mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé owó nìkan ni yóò fi mọ̀ mí.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. London ni bàbá àwọn tèmi wà, ojú wa náà ti rí i. Ìbéèrè yẹn ló ń sú ọmọ. Àlọ́ àpamọ̀ ló gbà wá. Alaalẹ́ Wednesday ni bàbá wọn ń fi ohùn pa ọ̀kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kì í sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ pa ni "Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Ọjọ́ 2 ni wọ́n fi rò ó tì. Lọ́jọ́ kẹta mò ń ro àmàlà lọ́wọ́, Kẹ́hìndé figbe ta: "Mọ́mì, ọmọrogùn ni!" Ó já a gbà lọ́wọ́ mi, àmàlà ń kán sílẹ̀, ó ní kí n pe Dádì kíá. Àwọn gan-an ló ń pè é báyìí.

Ará Mọ́kọlá: Agogo 9 yín, 3 ọ̀sán ni níbí, àsìkò eré ọmọdé. Ẹ yí i padà. Ní Sunday àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá, aago tiyín á tún padà sẹ́yìn, tiwa kì í yí; wákàtí 6 tó wà láàárín á di 7. Ẹ tètè sọ fún un, kó má jókòó ti fóònù fún wákàtí kan, kó máa rò pé ẹ ti gbàgbé òun.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ èmi náà, Jámánì ni bàbá mi wà. Ó mọ orúkọ ẹni tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì, ó sì máa ń béèrè rẹ̀. Títí dòní mi ò gbàgbé. Ohun tó dùn mí ni "sọ fún màmá rẹ pé owó ilé ìwé ti pọ̀ jù". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ìyá rẹ̀ sọ irú ìyẹn fúnra yín.

Bàbá Àyọ̀: Ẹ ṣeun gan-an. Mo pa "Òrúkú tindí tindí, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò" ránṣẹ́ lánàá. Mo jí bá ohùn rẹ̀ lórí fóònù, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn: "Dádì, ṣé èèrà ni? Ẹ má sọ ọ́ o! Mo ṣì ń rò ó."