Táìsì etí omi púùlù: gíláàsì ni kí n lò àbí sẹ̀rámíìkì?

ỌmọAkóbò

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo nílò ìmọ̀ràn kíákíá torí táílà, ìyẹn ẹni tó máa lẹ táìsì, ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. À ń kọ́ púùlù kékeré kan sẹ́yìn ilé wa ní Akóbò n'Íbàdàn, mítà 8 ní gígùn, mítà 4 ní fífẹ̀, kọnkéré ti gbẹ, wọ́n ti kun wọ́tápúrúùfù sí i, ìsàlẹ̀ àti ara ògiri ńṣe la máa rẹ́ ẹ, a ò ní lẹ táìsì síbẹ̀ torí owó. Ó wá ku táìsì etí omi, ìyẹn ilà ínǹṣì 6 tó máa yí gbogbo púùlù ká níbi tí omi ń dé. Ìyàwó mi ti rí gíláàsì búlúù kan lórí fóònù, àwọn wẹ́wẹ́ yẹn tó máa ń kọ mànà tí oòrùn bá kàn án, ó ní òun ò fẹ́ nǹkan míì. Ẹnjiníà wa ní sẹ̀rámíìkì ni kí á lò, pé gíláàsì kàn ń jẹ owó lásán, pé á máa já bọ́ ni. Mo wo fídíò títí, ọ̀rọ̀ tún wá dàrú mọ́ mi lójú, àwọn òyìnbó kan ní sẹ̀rámíìkì ló máa ń fọ́ tí òtútù bá mú un, àwọn míì ní gíláàsì ni. Èwo ló máa pẹ́, èwo ló rọrùn láti fọ̀, àti pé ṣé gíláàsì ò ní gé àwọn ọmọ lọ́wọ́ tí wọ́n bá di etí púùlù mú? Ẹ̀yin tẹ́ẹ ti lò ó ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín o, kìí ṣe ẹni tó fẹ́ tajà fún mi.

BàbáTáílà

Ọ̀gá Akóbò, ẹ kú iṣẹ́ ilé o, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ẹ lò ó pẹ́. Sẹ̀rámíìkì wo ni ẹnjiníà yín ń sọ ná? Torí lọ́jà, gbogbo nǹkan tí wọ́n bá ti fi amọ̀ sun ni wọ́n ń pè ní sẹ̀rámíìkì. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ sára ògiri báfúrúùmù, tó fúyẹ́, tí ẹ̀yìn ẹ̀ pupa tàbí tó funfun hẹ́ú, ìyẹn ò gbọdọ̀ dé inú púùlù rárá. Ó ń mu omi. Irú ẹ̀ lè mu omi tó ju ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n ara ẹ̀ lọ, tó bá sì ti mu omi tó báyẹn á wú díẹ̀, nǹkan dídán tí wọ́n fi bo ojú ẹ̀ ò lè bá a wú, ibẹ̀ lẹ ó ti rí i tí ojú ẹ̀ á máa sán wẹ́wẹ́, ìdọ̀tí á wá kó sójú sísán yẹn, ẹ ó fọ̀ ọ́ títí kò ní lọ.

Pósílénì ló yàtọ̀. Amọ̀ náà ni, ṣùgbọ́n iná tí wọ́n fi sun ún gbóná ju ti ìyẹn lọ, kìí mu ju ìdá 0.5 nínú 100 lọ. Ìyẹn ló bá inú omi mu. Tẹ́ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ yí táìsì náà dojú dé, kẹ́ẹ bu omi díẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀, tó bá fà á mu lójú yín ẹ gbé e padà fún wọn. Tí omi yẹn bá dúró jẹ́ẹ́ síbẹ̀, ẹ lè wá bẹ̀rẹ̀ sí ní ná an.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín. Púùlù yín, tẹ́ẹ bá wọ̀n ọ́n yíká, mítà 24 ni. Ínǹṣì 6 jẹ́ sẹ̀ńtímítà 15. Gbogbo ẹ̀ pọ̀, sùkúwíà mítà 3.6 ni, ẹ fi ti gígé àti àfọ́ kún un kó jẹ́ 4. Sùkúwíà mítà 4 yìí lẹ wá ń torí ẹ̀ jà nílé! Bí gíláàsì bá tiẹ̀ wọ́n ní ìlọ́po mẹ́ta ju pósílénì lọ, nínú gbogbo owó tí púùlù ti jẹ, kékeré ni. Ibi tí gíláàsì ti ń náni lówó ni gọ́ọ̀mù ẹ̀ àti ọwọ́ ẹni tó máa lẹ̀ ẹ́, ìyẹn gan-an ni ẹnjiníà yín ò sọ fún yín.

Mummy ShortLet

Bọ̀dá Akóbò, èmi ti lo gíláàsì o, ní ilé àlejò wa ní Lẹ́kí. Ó rẹwà débi pé kò sí àlejò tó dé tí ò ní ya fọ́tò níbẹ̀. Kò pẹ́ rárá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí ní yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí eyín ọmọdé, táílà tó ṣe é kò gbé fóònù mọ́, ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Ìgbà tí ẹlòmíì wá wò ó ló ṣàlàyé fún wa pé gíláàsì ò ṣẹ̀, àwọ̀n tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni. Ẹ mọ̀ pé àwọn wẹ́wẹ́ yẹn kìí dá wà, wọ́n máa ń so wọ́n pọ̀ ni kó lè rọrùn láti lẹ̀, tiwa wá jẹ́ èyí tí wọ́n fi àwọ̀n so lẹ́yìn, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ àwọ̀n yẹn jẹ́ irú èyí tí omi ń tú, ó sì ti bo ẹ̀yìn gíláàsì débi pé símẹ́ńtì ò rí ara gíláàsì gbá mú. Ó ní fún inú omi, èyí tí wọ́n lẹ bébà mọ́ LÓJÚ ló dáa jù, tẹ́ẹ bá lẹ̀ ẹ́ tán ẹ ó fi omi rin bébà yẹn, ẹ ó ṣí i kúrò, ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ tónítóní, gbogbo ẹ̀ ló máa kan gọ́ọ̀mù.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn gíláàsì tí wọ́n kun ọ̀dà sí lẹ́yìn tàbí tí wọ́n lẹ bébà fàdákà sí lẹ́yìn kó lè máa dán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ti kíṣìnnì ni, tó bá wọ inú omi á máa bó. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín lára páálí pé wọ́n kọ púùlù síbẹ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu.

Pósílénì mòsáìkì (èyí tó jẹ́ wẹ́wẹ́) búlúù la wá fi rọ́pò ẹ̀. Mi ò ní purọ́, kò dán tó gíláàsì. Àmọ́ mò ń sùn.

FọpúùlùJẹun

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń fi púùlù fífọ̀ jẹun náà dá sí i. Etí omi yẹn gan-an ni gbogbo wàhálà iṣẹ́ wa wà. Ìpara tí èèyàn fi para, òróró irun, eruku ọyẹ́, gbogbo ẹ̀ ló ń léfòó, ibẹ̀ náà ló sì ń lọ lẹ̀ mọ́. Oòrùn á tún fa omi lọ sílẹ̀, calcium (ohun kan bí ẹfun) tó wà nínú omi kò lè bá oòrùn lọ, á dúró sára táìsì, á di èépá funfun. Tó bá jẹ́ ojú táìsì nìkan là ń sọ, gíláàsì ló rọrùn jù láti nù torí ìdọ̀tí ò ní ibi tó fẹ́ wọ̀. Àmọ́ mòsáìkì wẹ́wẹ́ ní àlàfo tó pọ̀ láàárín, grout tí wọ́n fi dí àlàfo yẹn sì ni ìdọ̀tí ń dì mọ́, kìí ṣe gíláàsì. Torí náà gíláàsì kéékèèké lè gba agbára ju pósílénì gbàǹgbà ti ínǹṣì 6 lọ, ẹ̀yin tẹ́ẹ ń wo ojú táìsì nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù ò lè mọ èyí. (Púùlù tó bá ní kọ́nà róbótó ló jẹ́ dandan kó lo wẹ́wẹ́, torí èyí tó gbàǹgbà ò lè tẹ̀. Ti Ọ̀gá Akóbò dà bíi pé ó ní igun mẹ́rin, kò kan yín.)

Grout oní-epoxy ni kẹ́ẹ rà tówó bá wà. Ó wọ́n, ó sì máa ń tètè gan, táílà tí ò mọ̀ ọ́n lò á ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ásíìdì àti chlorine (oògùn tí wọ́n ń dà sí púùlù láti pa kòkòrò) ò lè jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ti símẹ́ńtì.

Àwọ̀ náà o! Búlúù tó bá dúdú gan-an, èépá funfun kìí sá pamọ́ fún un, gbogbo ayé ló máa rí i. Búlúù tó mọ́ díẹ̀ tàbí àwọ̀ eérú a máa bo àṣírí. Tẹ́ẹ bá sì lo gíláàsì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kànìnkànìn onírin tàbí òkúta ìfọ̀sẹ̀ ha á, á ya ojú ẹ̀ jágbajàgba. pH omi yín (ìwọ̀n tó ń fi hàn bí omi ṣe kan sí), ẹ jẹ́ kó wà láàárín 7.2 sí 7.8, tó bá ga jù èépá á máa yára pọ̀, tó bá lọ sílẹ̀ jù omi á máa jẹ grout. Tó bá jẹ́ omi bóhóòlù lẹ fẹ́ máa lò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ẹ tó kún púùlù, torí tí irin bá wà nínú omi yẹn, ìgbà tẹ́ẹ bá da chlorine sí i ló máa pọ́n, á sì kun gbogbo grout funfun yín.

Adé_Houston

Fídíò tẹ́ẹ wò yẹn, tiwa níbí l'Amẹ́ríkà ni. Táìsì tó bá ti mu omi, tí òtútù bá dé, omi inú ẹ̀ á dì, omi tó bá sì dì máa ń fẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, á la táìsì ni. Ní February 2021 tí òtútù burúkú yẹn mú gbogbo Texas, pọ́ǹpù àti páìpù púùlù ọ̀pọ̀ èèyàn ló bẹ́, ká má tíì sọ táìsì. Kò kan Akóbò, àyàfi tẹ́ẹ bá ń sọ yìnyín tó ń bọ́ nígbà òjò àkọ́rọ̀, ìyẹn ò sì ṣe táìsì ní nǹkan kan. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ òtútù jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jàre.

ỌmọAkóbò

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ sétí ìyàwó mi, ti Mummy yẹn ló mú un dákẹ́ díẹ̀ 😂 Mo pe táílà wa lálẹ́ àná, mo bi í pé kí ló fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́, ó ní símẹ́ńtì dúdú àti iyanrìn, pé gíláàsì ni o, pósílénì ni o, ìkan náà ni gbogbo wọn, pé ọjọ́ kẹta a lè da omi sí i. Ṣé òótọ́ ni? Torí a fẹ́ kó ti ṣe é wẹ̀ kí Iléyá tó dé, àwọn ẹbí ń bọ̀. Ẹ ò sì tíì dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ pé kó má gé àwọn ọmọ.

BàbáTáílà

Ìkan náà kẹ̀? Háà.

Ẹ wò ó, símẹ́ńtì àti iyanrìn, bó ṣe ń di táìsì mú ni pé ó ń wọ inú àwọn ihò tín-tìn-tín tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Táìsì amọ̀ tó ń mu omi ní ihò yẹn. Pósílénì ò fi bẹ́ẹ̀ ní. Gíláàsì ò ní rárá. Torí náà àwọn méjèèjì yìí, gọ́ọ̀mù táìsì inú àpò ni kẹ́ẹ rà, èyí tí wọ́n ti po polymer (nǹkan bíi rọ́bà tó ń jẹ́ kó lẹ̀ dáadáa) mọ́, tí wọ́n kọ ọ́ sára àpò pé ó wà fún púùlù. Tó bá wá jẹ́ gíláàsì, gọ́ọ̀mù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ FUNFUN. Ojú ń là á kọjá, tẹ́ẹ bá fi èyí tó dúdú lẹ̀ ẹ́, búlúù tí Madam rí lórí fóònù kọ́ lẹ ó rí, á ṣú. Kódà ilà tí eyín tírówẹ̀lì fà sára gọ́ọ̀mù á máa hàn láti iwájú, àfi kí táílà tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ kó tó lẹ gíláàsì lé e. Ibi tí gọ́ọ̀mù ò bá dé náà á máa hàn bí àbàwọ́n. Pósílénì ò ní gbogbo wàhálà ojú yìí, ìyẹn ni mo fi sọ pé ọwọ́ táílà ni gíláàsì ń ná.

Oòrùn náà tún wà níbẹ̀. Ilà táìsì yẹn, apá òkè ẹ̀ wà nínú oòrùn, apá ìsàlẹ̀ wà nínú omi tútù, gíláàsì á máa fẹ̀ á máa sún kì lójoojúmọ́. Ó yẹ kí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ fún un, pàápàá ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n fi sílíkóònù tó ń fà bíi rọ́bà dí i dípò grout. Èyí tí àwọn èèyàn sì máa ń gbàgbé ni àárín òkúta etí púùlù àti ilẹ̀ tó yí i ká. Ilẹ̀ yẹn náà ń fẹ̀ tí oòrùn bá pa á, tó bá jẹ́ símẹ́ńtì gan-an-gan lẹ fi dí àárín wọn, á ti òkúta, òkúta á ti táìsì, gíláàsì ni o pósílénì ni o, wọ́n máa bọ́. Nǹkan tó ń fà ni kẹ́ẹ fi síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gígé ọmọ: gíláàsì tó dáa, ilé iṣẹ́ ti yọ́ etí ẹ̀. Èyí tí táílà bá gé fúnra ẹ̀ ló ń mú, kó fi òkúta yún etí ẹ̀, kó sì jẹ́ kí ojú gígé wà lábẹ́ òkúta etí púùlù níbi tí ọwọ́ ò ní dé. Pósílénì tí wọ́n gé náà ń gé èèyàn o, kẹ́ẹ má rò pé gíláàsì nìkan ni.

Ọjọ́ kẹta kẹ̀? Ẹ ka ẹ̀yìn àpò gọ́ọ̀mù àti ti grout, ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ni kẹ́ẹ tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 sọ́kàn. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn gíláàsì tiẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó gbẹ ju ti pósílénì lọ, torí wọ́tápúrúùfù wà lẹ́yìn, gíláàsì wà níwájú, omi inú gọ́ọ̀mù ò rí ibi gbà jáde àfi àárín táìsì. Iléyá ò ní sọ pé kí gọ́ọ̀mù yára gbẹ.

Èmi o, tó bá jẹ́ pé táílà tó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ fẹ́ lò, ẹ lo pósílénì, kẹ́ẹ sì dúró tì í. Tí Madam bá ní gíláàsì dandan, ẹ wá ẹlòmíì, kẹ́ẹ ní kó mú yín lọ wo púùlù gíláàsì tó ṣe tí wọ́n ti ń wẹ̀ nínú ẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán.

Mummy ShortLet

Kẹ́ẹ fi gíláàsì yẹn sára ògiri ṣáwà tó wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ púùlù fún un jàre. Ibẹ̀ kìí wà nínú omi tọ̀sán-tòru, ojú ẹ̀ á sì rí dídán tó fẹ́.

ỌmọAkóbò

Ó ti gbà! Pósílénì mòsáìkì fún etí omi, gíláàsì fún ṣáwà, gọ́ọ̀mù àpò fún méjèèjì, ẹnjiníà sì ti ń sọ pé ohun tí òun ń sọ látẹ̀yìnwá náà nìyẹn. Àbúrò mi tó wà l'Ékòó máa lọ bá mi rà á ní Orílé Coker lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni kó rà?

BàbáTáílà

Tó bá jẹ́ èyí tí pépà ẹ̀ kan (àwọn wẹ́wẹ́ tí wọ́n so pọ̀) jẹ́ sẹ̀ńtímítà 30 sí 30, ẹ ó gé e sí méjì gba àlàfo tó wà láàárín àwọn wẹ́wẹ́, ìdajì kan á fún yín ní sẹ̀ńtímítà 15 gẹ́lẹ́. Mítà 24 máa gba ìdajì 80, ìyẹn pépà 40. Kó ra 45. Kó mú tépù dání kó wọ̀n ọ́n kó tó sanwó, àwọn kan máa ń kéré sí 30 díẹ̀. Kó tún wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára páálí kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan náà, torí èyí tí wọ́n sun lọ́tọ̀ àwọ̀ wọn kìí dọ́gba, nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ ò ní mọ̀, inú oòrùn lẹ ó ti rí i. Èyí tó bá ṣẹ́kù, kẹ́ẹ tọ́jú ẹ̀ sí sítọ́ọ̀.