Column inú table plugin WordPress: insert ń wọlé, SELECT ń kọ̀

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Table tí plugin dá sílẹ̀ ni wp_akekoo. Àwọn column rẹ̀ ni ID, orúkọ, order àti rank. $wpdb->insert() ń kó nǹkan wọlé dáadáa, àmọ́ "SELECT order FROM wp_akekoo" ń gbé error 1064 (àṣìṣe nínú bí a ṣe kọ query) jáde. Mo sọ order di ipo_ila nínú CREATE TABLE, mo sì tún lo dbDelta(), function WordPress tó ń dá table sílẹ̀ tó sì ń tún un ṣe. Méjèèjì ló wá wà níbẹ̀ báyìí, tuntun sì ṣófo. Irú orúkọ wo ló yẹ kí n lò gan-an?

Èsì 1
MySQL ti ya order sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀. insert() máa ń fi backtick (àmì `) sí orúkọ column fúnra rẹ̀, ìyẹn ni kò ṣe bínú. SELECT tí ẹ fọwọ́ kọ ò ní in. Ẹ yí orúkọ rank náà padà: MySQL 5.7 ò bá a jà, 8.0 ló yà á sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀, ó sì ya groups sọ́tọ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ tí hosting bá gbé MySQL sókè ni plugin á dákú.

Key àti index tún burú jù. Ìlà inú CREATE TABLE tó bá fi wọn bẹ̀rẹ̀, index ni dbDelta máa kà á sí, backtick ibẹ̀ ò ní gbà yín.

Èsì 2
dbDelta kì í yí orúkọ padà, kì í sì í pa column rẹ́. Ohun tí kò bá rí ló ń fi kún un. Ẹ ṣe backup, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún forúkọ sílẹ̀:

UPDATE wp_akekoo SET ipo_ila = `order`;
ALTER TABLE wp_akekoo DROP COLUMN `order`;

Ti rank, ALTER ni kó ṣáájú, kí ẹ tó fọwọ́ kan CREATE TABLE:

ALTER TABLE wp_akekoo RENAME COLUMN `rank` TO ipele;

MySQL 8.0 tàbí MariaDB 10.5.2 sókè ló gbọ́ èyí. Èyí tó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, CHANGE ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ tún irú column náà kọ. NOT NULL tí ẹ bá gbàgbé ti lọ nìyẹn. Nínú CREATE TABLE, ìlà kan fún column kan, àlàfo méjì lẹ́yìn PRIMARY KEY.

Èsì 3
Lẹ́tà kékeré àti underscore ni kí ẹ máa lò. MySQL ò ya ID àti id sọ́tọ̀, PHP ló ń yà á: $ila->id ò ní rí nǹkan kan níbi tí column ti ń jẹ́ ID. Ẹ má wo WordPress fúnra rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe o! ID ni wp_posts ń lò, comment_ID ni wp_comments, term_id ni wp_terms.

"orúkọ" ńkọ́? MySQL á gbà á, ṣùgbọ́n tó bá gba inú sanitize_key(), function WordPress tó ń yọ lẹ́tà alámì kúrò, kọjá, "ork" ló máa kù. Inú dátà ni kí àmì ohùn wà. Ẹ pe column ní oruko.

Èsì 4
Àfikún kan: bí orúkọ column bá ti inú variable wá, %i (àyè fún orúkọ column) ni kí ẹ lò nínú prepare(), function $wpdb tó ń fi iye sínú query; láti WordPress 6.2 ni %i ti wà. %s, àyè fún ọ̀rọ̀ lásán, á sọ ọ́ di ORDER BY 'ipele'. Kò ní mú error wá, kò sì ní to nǹkan kan.