Mountains and Sea ti Helen Frankenthaler: ọ̀dà olóròóró lórí kánfáàsì lásán, ṣé ó lè pẹ́?

Olókè_Àwọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọgbọ́n tí Helen Frankenthaler, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, fi ya Mountains and Sea ní October 1952 ni mo fẹ́ lò fún iṣẹ́ kan tó máa jẹ́ mítà kan ààbọ̀ níbùú. Àpáta àti odò ni mo ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n àwòrán àfòyemọ̀ ni, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nàka sí àpáta kankan níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ńṣe ló la ọ̀dà olóròóró títí ó fi ń ṣàn, tó dà á sórí kánfáàsì tí kò fi nǹkan kan pa, tí aṣọ sì mu ún. Lórí ègé kékeré tí mo fi dán an wò, òrùka kan bí àbàwọ́n epo yọ yí àwọ̀ ká. Níbòmíì, ọ̀dà kàn jókòó sójú aṣọ ni, kò wọlé. Kẹrosíìnì ni mo fi là á, nítorí owó turpentine, èyí tí wọ́n sábà fi ń la ọ̀dà olóròóró. Kí ló fa òrùka yẹn? Báwo ni kí n ṣe pò ó? Ṣé aṣọ náà ò ní jẹrà?

Ìyá_Kọ́lọ̀
Òróró inú ọ̀dà ni òrùka yẹn. Ìyẹ̀fun àwọ̀ àti òróró linsíìdì ló wà nínú túùbù. Bí ẹ bá là á, ìyẹ̀fun á há sínú òwú níbi tí ẹ dà á sí, ṣùgbọ́n òróró á bá ohun tí ẹ fi là á rìn kọjá ibẹ̀. Ibi tó bá sì rìn dé ni òrùka máa dé. Kẹrosíìnì ń dá kún un torí pé kì í tètè fẹ́ lọ: bó ṣe ń pẹ́ nínú aṣọ ni òróró ń rìn jìnnà. Ẹ wá turpentine gidi tàbí white spirit. Ẹ má ra tínà àwọn tó ń kun mọ́tò o. Ó ń gbẹ kí aṣọ tó mu ọ̀dà tán, èéfín rẹ̀ kò sì ṣeé fà símú nínú yàrá. Ẹ ṣí fèrèsé, kí iná àti jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà síbẹ̀.

Láti dín òrùka kù, ẹ tẹ ọ̀dà sórí páálí ní alẹ́, kí ẹ kó o ní òwúrọ̀. Páálí á ti fa púpọ̀ nínú òróró rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí bí òróró bá tán, àwọ̀ á máa bọ́ sí yín lọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun. Fún àwọ̀ tó kún, ìwọ̀n ọ̀dà kan sí turpentine mẹ́ta; fún èyí tó fẹ́lẹ́, ìwọ̀n kan sí mẹ́jọ. Turpentine díẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pò ó títí kókó inú rẹ̀ fi máa tán, kí ẹ tó bu ìyókù sí i. Ẹ máa rò ó bí ẹ ṣe ń dà á. Àwọn àwọ̀ tó wúwo bíi cadmium àti àwọn àwọ̀ erùpẹ̀ máa ń rì sí ìsàlẹ̀ agolo, wọ́n á sì fi hóró sílẹ̀ sójú aṣọ. Àwọn àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní phthalo àti quinacridone ló ń tàn kálẹ̀ dáadáa jù.

Ibi tí ọ̀dà ti jókòó sójú aṣọ, ẹ̀kọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi hun òwú ló ṣì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ̀kọ láfún ń ṣe lára adìrẹ ẹlẹ́kọ gan-an ló ń ṣe fún yín. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ díẹ̀ fọ kánfáàsì, ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ sá a, kí ẹ sì lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kán omi sí i. Bí omi náà bá ká jọ tí kò wọlé, ẹ tún un fọ̀. Ẹ gé aṣọ náà tóbi ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, torí á sún kì.

Bàbá Férémù
Àbúrò, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbéèrè kẹta tó o bi, nítorí òun ló le jù. Bẹ́ẹ̀ ni, òróró máa jẹ aṣọ náà. Linsíìdì kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di líle, ásíìdì sì ń jáde nínú rẹ̀ bó ṣe ń le. Òwú tó bá ń bá ásíìdì gbé á gbó, á máa já. Ìdí tí àwọn ará ìṣáájú fi máa ń fi gúlúù pa kánfáàsì kí ọ̀dà tó kàn án nìyẹn. Frankenthaler fo ìgbésẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ náà, tó ga tó 219 sẹ̀ǹtímítà tó sì fẹ̀ tó 298, ti wà ní National Gallery of Art ní Washington tipẹ́, lọ́wọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ṣọ́ ooru àti ọ̀rinrin. Yàrá tìẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ gan-an, nígbà tí àwọn ọdún 1960 bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sórí àkírílíìkì, ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi là.

Bí òróró bá jẹ́ dandan, fi PVA (gúlúù funfun) tàbí matte medium (àkírílíìkì tí kò ní àwọ̀, tí kì í dán) pa aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ìwọ̀n kan sí omi mẹ́ta, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kó o tó fi ìkejì lé e. Má lo gúlúù awọ ehoro lọ́dọ̀ wa o. Ọ̀rinrin ìgbà òjò ń mú un wú, ọyẹ́ ń mú un fún, aṣọ á máa dẹ̀ á sì máa le. Ṣùgbọ́n ibi tí gúlúù bá ti dí, ọ̀dà ò ní rì bí o ṣe fẹ́ mọ́, etí àwọ̀ á mú ṣáṣá.

Èyí tí mo fọwọ́ sí rèé: àkírílíìkì ni kí ó rì, kí òróró wà lókè. Fi omi rẹ aṣọ díẹ̀, da àkírílíìkì tí o fi omi àti matte medium là, jẹ́ kó gbẹ, kí o wá fi matte medium pa gbogbo ibi tí òróró máa kàn, títí kan ibi funfun. Òróró lórí àkírílíìkì kò sí wàhálà. Má fi àkírílíìkì lé òróró láéláé, á ṣí kúrò.

Ẹ ṣọ́ra fún àkísà pẹ̀lú. Èyí tí linsíìdì wà lára rẹ̀ lè gbiná fúnra rẹ̀ bí ẹ bá kó o jọ sójú kan. Ẹ tẹ́ ẹ síta níkọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ rì í sínú agolo omi tó ní ìdérí.

Èédú_àti_Omi
Mo gbà pẹ̀lú Bàbá lórí aṣọ. Lórí òrùka, mi ò gbà. Òrùka òróró wà lára iṣẹ́ Frankenthaler, ó sì wà lára ohun tó ń mú kí etí àwọ̀ rẹ̀ máa mí. Ẹni tó bá fẹ́ etí tó mọ́ kí ó lọ lo àkírílíìkì, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé nǹkan mìíràn ló ń yà.

Ohun tí kò sẹ́ni tó dárúkọ ni èédú. Frankenthaler ti fi èédú fa ìlà sójú kánfáàsì náà, ìlà wọ̀nyẹn ṣì hàn, ọ̀dà kò sì tẹ̀ lé wọn bí ọmọ iléèwé tó ń kun àwòrán. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, ó wà ní Nova Scotia ní Kánádà, ó ń fi watercolour ya òkè àti òkun ní ojúkojú. Mountains and Sea tó yà nígbà tó padà sí New York kì í ṣe àdàkọ wọn. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ ewé àti búlúù tó tẹ́ gbọrọ ló kù, pẹ̀lú aṣọ funfun púpọ̀ tí ọ̀dà kò dé. Ọmọ ọdún 23 ni. Ó ti rí bí ayàwòrán Jackson Pollock ṣe ń tẹ́ kánfáàsì sílẹ̀, àmọ́ púpọ̀ nínú ọ̀dà Pollock ń dúró sójú aṣọ, tirẹ̀ ń wọ inú rẹ̀. Ní April 1953, Clement Greenberg, alárìíwísí iṣẹ́ ọnà, mú àwọn ayàwòrán Morris Louis àti Kenneth Noland wá wò ó, àwọn méjèèjì sì gbé ọgbọ́n náà lọ sí Washington. Ìtàn máa ń yin àwọn ọkùnrin méjì yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, lójú tèmi.

Nítorí náà, fa ìlà rẹ kó o tó ṣí ọ̀dà, má sì pa ìlà náà dé yíká bí ọgbà. Gbọn eruku èédú dànù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọ̀ fẹ́lẹ́ á di eérú. Bẹ̀rẹ̀ látorí àwọ̀ tó mọ́ jù. Yan ibi tó máa funfun ṣáájú, nítorí ohun tí aṣọ bá ti mu kò ṣeé nù kúrò.

Olókè_Àwọ̀
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Kí ni kí n tẹ́ sábẹ́ kánfáàsì nílẹ̀? Náílọ́ọ̀nù ńkọ́?

Ìyá_Kọ́lọ̀
Rárá o. Ọ̀dà á dúró bí adágún lórí náílọ́ọ̀nù, á tún gba abẹ́ wọ aṣọ padà níbi tí ẹ kò fẹ́. Ìwé ìròyìn náà kò dára, lẹ́tà rẹ̀ lè kọ sára aṣọ. Aṣọ òwú àtijọ́ tó ti mọ́ ni kí ẹ tẹ́, kí ó máa fa èyí tó bá jò. Bí ilẹ̀ bá dagun, gbogbo ọ̀dà á wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ da omi sílẹ̀ kí ẹ wo ibi tó ń ṣàn sí. Ẹ ní kànìnkànìn lọ́wọ́ láti fa ibi tó bá ti ṣe adágún. Bí ọ̀dà bá wọlé tán, ẹ yọ aṣọ abẹ́ náà kó má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó kàn án mọ́ férémù, kí ẹ má sì dojú rẹ̀ kọ ògiri lẹ́yìn náà, torí inú òkùnkùn ni òróró ti ń di rúsúrúsú jù.