Eré wo ni a lè fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ilé wa, ilẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí?

Ọmọ Ìjùmú: Okun o, gbogbo ilé. Ọmọ ọdún 5 àti ọdún 8 ni mo ń béèrè fún. Bí a bá ti dárúkọ Lọ́kọ́jà àti Kábà báyìí, oorun dé. Eré wo ni kò ní ná wa lówó púpọ̀?

Ìyá Yàgbà: Ẹ lo okùn. (Okùn ìsáṣọ ni mo wí, kì í ṣe Okun tí a fi ń kíra.) Ẹ gé mítà 2, kó jẹ́ ti òwú, torí ti ọ̀rá máa ń fà, bó bá sì ti fà, ìwọ̀n ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ ta á mọ́ ògiri, kó ṣe déédéé àyà ọmọ. Sẹ̀ǹtímítà 1 ni ọdún 1. Ìbẹ̀rẹ̀ okùn lápá òsì ni 1841, ọdún tí Àjàyí Crowther bá ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Odò Ọya dé ibi tó ti pàdé Bẹ́núè. Ọdún yòówù tí ẹ bá fẹ́ fi sí i, ẹ yọ 1841 kúrò nínú rẹ̀. 1897, tí Bídà, olú ìlú àwọn Tápà, ṣubú tí àwọn ọmọ ogun Tápà fi Kábà sílẹ̀, bọ́ sí 56. 1900, tí Lugard ta àsíá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́jà, bọ́ sí 59. Òmìnira wà ní 119, ìdásílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Kogí ní 1991 sì wà ní 150.

Ẹ ya àwòrán sórí páálí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7, kí ẹ fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há a. Ibi tó ti máa ń dàrú ni 1897 àti 1900: sẹ̀ǹtímítà 3 péré ló wà láàárín wọn, páálí kan á bo èkejì. Ẹ má sún àmì o! Ẹ fi òwú gígùn so ọ̀kan kó rọ̀ sílẹ̀ ju èkejì lọ.

Bó bá di eré, ẹ já gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ dà á pọ̀, kí ẹ fún wọn ní mẹ́ta péré lẹ́ẹ̀kan láti há padà sí ipò wọn.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀: Ọmọ ọdún 5 ò tíì mọ 1897 kà.

Ìyá Yàgbà: Kò nílò rẹ̀. Ẹ fi fọ́tò màmá àgbà sí ọdún tí wọ́n bí wọn. Bó bá jẹ́ 1952, 111 nìyẹn. Ìbéèrè tirẹ̀ kò ju “ṣé wọ́n ti bí màmá àgbà nígbà yẹn?” lọ.

Ọmọ Bùnú: Okùn dáa, àmọ́ ọmọ ọdún 5 fẹ́ sáré. Ẹ ṣe eré òkè. Nígbà ogun Tápà, tí wọ́n ń gun ẹṣin wá jà wá, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú wa sá lọ, níbi tí ẹṣin kò ti lè lé wọn bá. Fún ọmọ 6, ẹ tẹ́ tìmùtìmù 4 sílẹ̀, kó dúró fún òkè. Bí ìlù bá ń dún, kí wọ́n máa ṣe bí ẹni ń roko. Bó bá dákẹ́, ẹ ka ení dé àrún, kí gbogbo wọn ti wà lórí òkè. Ẹ wá yọ tìmùtìmù kan, kí ẹ tún lùlù.

Ẹ má lé ọmọ kankan jáde bíi ti eré àga tí wọ́n ń ṣe níbi ọjọ́ ìbí. Bí òkè bá ku ẹyọ kan, kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dì mọ́ra lórí rẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni ará oko àti ará ilé ṣe há mọ́ra lórí àpáta. Ẹ̀yin tí ẹ lé ọmọ jáde, pé ìlú ta á nù lẹ kọ́ ọ. Ẹ má sì fi ọmọ kankan ṣe Tápà tó ń lé wọn, torí èébú ni yóò dà lẹ́nu wọn ní ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ ni kí ẹ béèrè pé kí ló dé tí wọn ò fi sá sínú oko. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n mu júùsì tán, ó ti bọ́.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀: Ayò ńkọ́? Ihò 12, ọmọ ayò 48, ìbéèrè ìtàn kan kí wọ́n tó ta?

Ìyá Yàgbà: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ayò sílẹ̀. Kíkà ni adùn rẹ̀. Bí ẹ bá dá ọmọ dúró fún ìbéèrè, iye tó kà á sọnù, ìjà dé.

Ọmọ Ìjùmú: Ẹ ṣeun o. Okùn ọ̀rá nìkan ni ṣọ́ọ̀bù àdúgbò ní.

Ìyá Yàgbà: Ẹ so ohun tó wúwo mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ gbé e kọ́ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Kò ní fà tó bẹ́ẹ̀ mọ́.