Túùbù ẹ̀yìn ń jò lójú ọ̀nà yangí, ihò méjì-méjì ló sì ń dá

Ọmọ Ìpo:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ onígíà ni tèmi, táyà 26 x 1.95, fọ́ọ̀kì iwájú ní sípíríǹgì, bíréèkì rẹ̀ sì ń di rímù mú. Àwọn ọ̀nà yangí tó yà kúrò lójú títì láàárín Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán ni mo ń gbà jù, bíi kìlómítà 25 lẹ́ẹ̀kan. Èmi àti ẹrù ẹ̀yìn tó kílò 78. Túùbù ẹ̀yìn kì í pẹ́ jò. Bí a bá tì í bọ omi, ihò méjì la máa ń rí, wọ́n á jókòó ti ara wọn, kò sì ní sí ẹ̀gún kankan nínú táyà. Fọkanáísà ní kí n máa gééjì rẹ̀ kó le bí òkúta. Bó bá le bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ á máa fò, ọwọ́ á sì máa kú mi bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mélòó ló tọ́? Kí ló sì yẹ kó wà nínú àpò níbi tí kò sí fọkanáísà?

Bàbá Táyà:
Ihò méjì tó jókòó ti ara wọn kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀gún, rímù yín ló ń jẹ túùbù. Bí táyà bá rọ̀ jù tí ẹ sì fi eré kọ lu òkúta tàbí etí kòtò, táyà á tẹ̀ wọlé, túùbù á há sáàárín, etí rímù ọ̀tún àti tòsì á sì gé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yìn ló ń ṣe jù torí ibẹ̀ ni ẹrù àti ìdí yín wà. Fọkanáísà kò purọ́, afẹ́fẹ́ yín kéré lóòótọ́. Àmọ́ "bí òkúta" yẹn ti pọ̀ jù. Yangí tiwa ní òkúta róbótó-róbótó tó ń yí lórí ilẹ̀ líle bí ẹ̀wà tó dà sórí sìmẹ́ǹtì. Táyà líle kò lè di irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mú. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́ díẹ̀ kó tó lè mú un.

Fún kílò 78 lórí táyà 1.95, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 40 PSI (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tí gééjì ń kà) lẹ́yìn àti 35 níwájú. Ẹ gùn ún dé ibi tí òkúta pọ̀ sí, kí ẹ máa yọ 2 PSI lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti gbọ́ tí rímù dún kọ́ọ̀ lórí òkúta, ẹ dá 3 padà, kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Ẹ má fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n o. Táyà tó nípọn máa ń le lọ́wọ́ bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Páǹpù tó ní gééjì lára ni kí ẹ rà. Bó bá sì di dandan kí ẹ lo ẹ̀rọ fọkanáísà, kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, torí túùbù kẹ̀kẹ́ kéré, kíá ló ń kún bẹ́. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, òpin ni wọ́n fi hàn yín.

Bí àyè bá wà nínú férémù, ẹ pààrọ̀ sí táyà 2.1 tó fẹ̀ jù ú lọ. Ó kéré tán, kí mílímítà 6 ṣẹ́ kù lọ́tùn-ún àti lósì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹrẹ̀ pupa ìgbà òjò á dí i pa, táyà kò ní yí mọ́.

Oníṣípánà Ọ̀fà:
Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n táyà nìkan kọ́ ló ń pa ọwọ́ yẹn. Ẹ wo ìjókòó: bí imú rẹ̀ bá dorí kodò, ọwọ́ ló máa gbé gbogbo ara. Ẹ jẹ́ kó tẹ́jú. Ẹ rọ ìgbọ̀nwọ́, ẹ má fún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ pọ̀ bí ẹni mú adìyẹ tó fẹ́ sá. Ibi tí ọkọ̀ ti tẹ ọ̀nà di ebè kéékèèké, ẹ gba etí ọ̀nà, ẹ gbé ìdí sókè díẹ̀, kí pẹ́dà méjèèjì dọ́gba. Kí ẹ tó dé kọ́nà ni kí ẹ tẹ bíréèkì. Bí ẹ bá tẹ ti iwájú nígbà tí kẹ̀kẹ́ ti dẹ̀gbẹ́ lórí yangí, táyà iwájú á yọ̀, ẹ ó sì ṣubú kí ẹ tó mọ̀.

Gbígbọ̀n yẹn ń tú nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, ẹ fi álẹ̀n kíì (kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà) yẹ ìdè ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ìjókòó àti agbẹ́rù wò. Apá pẹ́dà ni kí ẹ mójú tó jù. Bó bá mì tí ẹ sì ń gùn ún lọ, ihò rẹ̀ á jẹ, kò sì ní le mọ́ láéláé. Àti pé pẹ́dà òsì, òdìkejì là ń yí i: apá òsì lẹ ó yí i sí láti fi dè é.

Ọmọ Ìpo:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣéènì náà ń dún, àlòkù ọ́ọ̀lì ẹ́ńjìnì ni mo ń dà sí i. Ṣé ó dáa?

Kẹ̀kẹ́ Ìgbájà:
Kò dáa rárá. Ó nípọn, eruku yangí á lẹ̀ mọ́ ọn, á wá di sánpépà tó ń jẹ eyín gíà, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì, kó gbẹ, kí ẹ kán ọ́ọ̀lì fẹ́lẹ́ sójú oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kan péré. Ẹ yí pẹ́dà sẹ́yìn bí ìgbà 20, kí ẹ wá fi àkísà nù ún títí ìta rẹ̀ á fi dà bí ohun tó gbẹ. Inú ló nílò ọ́ọ̀lì.

Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n pẹ̀lú. Láti àárín píìnì kan, ẹ ka 24 síwájú: ínǹṣì 12 ni ṣéènì tuntun. Bó bá fi ínǹṣì 1/16 lé, ẹ pààrọ̀ ṣéènì. Bó bá lé ní 1/8, ó ti ba eyín gíà ẹ̀yìn jẹ́ náà nìyẹn.

Nínú àpò: túùbù kan tí ẹnu rẹ̀ bá páǹpù yín mu, páàṣì 6, sólúṣọ̀n, sánpépà, ọ̀pá ìṣítáyà oníke méjì (irin á gé túùbù), álẹ̀n 4, 5 àti 6, páǹpù kékeré, àti ègé táyà àtijọ́ tí ẹ ó fi tẹ́ inú bí ẹ̀gbẹ́ táyà bá ya. Omi: píọ̀ wọ́tà méjì fún wákàtí kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bàbá Táyà:
Mo fẹ́ fi kún ti páàṣì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kánjú. Ẹ fi sánpépà ha ojú túùbù kó fẹ̀ ju páàṣì lọ, ẹ fi sólúṣọ̀n fẹ́lẹ́ pa á, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú 5 títí kò fi ní dán mọ́. Bó bá ṣì tutù, páàṣì á ṣí. Bí ihò méjèèjì bá sún mọ́ra, páàṣì ńlá kan ni kó bò wọ́n, ẹ má fi etí ọ̀kan gun èkejì.

Ọmọ Ìpo:
Mo ti wọn ṣéènì náà. Ó lé ní 1/8 dáadáa. Gíà ẹ̀yìn jẹ́ 7.

Kẹ̀kẹ́ Ìgbájà:
Ṣéènì àti gíà ẹ̀yìn lẹ ó jọ pààrọ̀ nìyẹn. Ṣéènì tí wọ́n kọ 6/7/8 sí lára ni kí ẹ béèrè, má gba ti 9, ó tín-ínrín jù. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ ọjà, kí ẹ ka iye oríkèé rẹ̀ mọ́ ti tuntun kí wọ́n tó gé e.