«Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà» kò bá iṣẹ́ yìí mu

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Àjàṣẹ́ dá ọ̀rọ̀ méjì lábàá fún iṣẹ́ yíya ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì nípa títẹ àṣẹ: «àwòrán ojú kọ̀ǹpútà» fún ohun tí àwa níbí ń fi Faransé pè ní capture d'écran (screenshot lédè Gẹ̀ẹ́sì), àti «aláìlórí» fún ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní headless, ìyẹn kí aṣàwákiri íntánẹ́ẹ̀tì bíi Chrome tàbí Firefox máa ṣiṣẹ́ láì ṣí fèrèsé kankan.

Bó bá jẹ́ ti fóònù ni, mo fara mọ́ èkínní, nítorí ohun tó wà lójú fóònù gan-an ni à ń ya. Ṣùgbọ́n lánàá, mo tẹ àṣẹ google-chrome --headless --screenshot --window-size=1280,800, mo sì kọ àdírẹ́sì ojú-ewé kan tó ní àwòrán Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ ìlú wa, tẹ̀ lé e. Nǹkan kan kò yọ lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo wo inú àpò fáìlì, screenshot.png ti dúró síbẹ̀. Inú ìrántí ẹ̀rọ ni Chrome ti to ojú-ewé náà tó sì ya á, ojú kọ̀ǹpútà wo wá ni à ń sọ? (Ìsàlẹ̀ Àkàbà ti gé dànù, torí píksẹ́lì 800 péré ni mo fún un lóòró.) Firefox ní tirẹ̀ a máa ya ojú-ewé látòkè délẹ̀ bí a kò bá fún un níwọ̀n, kódà kó gùn ju ojú kọ̀ǹpútà mẹ́ta lọ.

Mo kọ́kọ́ ro «àyapamọ́», ṣùgbọ́n ìyàwó mi rí i nínú ìwé mi níbi tí n kò ti fi àmì ohùn sí i, ó ní aya wo ni mo fi pamọ́. Mo jáwọ́ ńbẹ̀. «Àwòrán ojú-ewé» náà ní ìṣòro tirẹ̀, torí ó lè jẹ́ àwòrán tó wà nínú ojú-ewé. «Fọ́tò ojú-ewé» ni mo fara mọ́, kí ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ sì jẹ́ «ya ojú-ewé», bí gbogbo ilé ṣe ń sọ pé àwọn fẹ́ ya fọ́tò.

Ní ti «aláìlórí», ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí, èébú ni létí wa. Fèrèsé ni nǹkan náà kò ní. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní «aláìnífèrèsé».